Ẹ Rọra Ti Kú, Ẹ̀rọ Náà Ṣì Ń Tu Èéfín

Ẹ Rọra ti kú. Mo ní kí n tètè sọ bẹ́ẹ̀ kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé àwàdà ni mo fẹ́ ṣe lónìí. Ọkùnrin gíga tó máa ń kọ́kọ́ jáde sórí ìtàgé ní gbọ̀ngàn ńlá tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé epo, ẹni tó máa ń sọ fún gbogbo ẹni tó bá pẹ́ dé pé "ẹ rọra, ẹ rọra, a ò tíì bẹ̀rẹ̀", títí ọ̀rọ̀ náà fi di orúkọ mọ́ ọn lára, ti kú sí ilé ìwòsàn ìjọba. Orí bẹ́ẹ̀dì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé ló kú sí, ó ń wá èémí bí ẹni ń wá kọ́kọ́rọ́ tó sọnù. Ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ ló bàjẹ́. Kò mu sìgá rí láyé rẹ̀. Kò bá wọn po símẹ́ńtì rí, kò bá wọn fọ́ òkúta rí. Iṣẹ́ àwàdà ló ṣe. Ẹ jọ̀ọ́, níbo ni wọ́n ti gbọ́ ọ rí pé àwàdà ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́?

Kí n tó lọ jìnnà, ẹ jẹ́ kí n sọ irú ẹni tí mo jẹ́ sí i. Èmi kì í ṣe ọ̀rẹ́ tímọ́tímọ́ rẹ̀. Mo jowú rẹ̀ ni. Aláwàdà ni èmi náà kí n tó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ojú ewé ìwé ìròyìn yìí lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, mo sì ń ṣe é títí di bí mo ṣe ń sọ yìí, èmi ni mo sì máa ń jáde tẹ̀ lé Ẹ Rọra. Gbogbo àwọn tó ń sunkún rẹ̀ káàkiri báyìí, tí wọ́n ń sọ lórí rédíò pé ọ̀kan péré ni, kò sí èyí tó jowú rẹ̀ nínú wọn. Wọn ò rí i débi tí wọn ó fi jowú rẹ̀. Èmi rí i. Ojoojúmọ́ tí a bá jọ ṣiṣẹ́ ni mo ń rí i, inú mi á sì máa gbóná.

Ẹni tí kò bá ṣe iṣẹ́ wa kò lè mọ ohun tí à ń pè ní àkọ́jáde. Ipò tí gbogbo wa ń sá fún ni. Ìdajì àga ló ṣófo, àwọn èèyàn ń fi iná fóònù wá nọ́ńbà àga wọn, obìnrin kan ń bá ọkọ rẹ̀ jà nítorí pé kò rántí pa iná ilé ìdáná, ẹni tó ń ṣètò ohùn sì ń fi ọwọ́ gbá máìkì. Inú bẹ́ẹ̀ ni wọ́n máa ń ti Ẹ Rọra sí. Kí ó tó parí, gbọ̀ngàn á ti máa hó. Wọ́n á máa nu omijé ẹ̀rín kúrò lójú. Ìgbà náà ni wọ́n á wá pe èmi. Wọ́n á wò mí bí ẹni tó wá já iná wọn.

Báwo ló ṣe ń ṣe é? Mo fara balẹ̀ wò ó, torí ẹni tó bá ń jowú èèyàn kì í gbójú kúrò lára rẹ̀. Kì í fi àwàdà bẹ̀rẹ̀. Á kàn di máìkì mú, á dúró, á máa wò wọ́n. Kò ní sọ ohunkóhun. Á dákẹ́ títí ara á fi bẹ̀rẹ̀ sí í ni wọ́n, títí ẹnì kan ní kọ̀rọ̀ kan á fi rẹ́rìn-ín díẹ̀ nítorí pé kò mọ ohun tí òun lè ṣe mọ́. Ẹni yẹn ló ti ń wá láti ìgbà tó ti jáde. Á yíjú sí i, á tẹrí ba, á ní, "Ẹ ṣeun, mà. Ẹ̀yin nìkan lẹ mọ̀ pé mo ti bẹ̀rẹ̀." Gbogbo ilé á bú sẹ́rìn-ín. Ẹ jẹ́ kí n sọ fún yín pé mo dán èyí wò níbòmíràn, níbi tí wọn ò ti mọ̀ ọ́n. Mo dúró, mo dákẹ́. Bàbá kan láti ẹ̀yìn pariwo pé, "Ṣé máìkì ọ̀hún ti bàjẹ́ ni?"

Bẹ́ẹ̀ ni kì í fi ẹnikẹ́ni ṣẹ̀sín. Tí tọkọtaya bá pẹ́ dé, á ní, "Ẹ rọra, mà, ẹ jókòó. Bọ̀dá, ẹ̀yin ẹ dúró ná. Ẹ má wulẹ̀ máa wo ìyàwó yín. Ẹ̀yin lẹ pẹ́ níwájú dígí, ojú yín ti fi hàn." Ìyàwó náà ló máa rẹ́rìn-ín jù, ọkọ náà á sì máa tún kọ́là ẹ̀wù rẹ̀ ṣe bí ẹni tí wọ́n yìn. Mo bi í ní ọjọ́ kan pé kí ló kù díẹ̀ káàtó nínú tèmi. Ó wò mí, ó ní, "Bí o bá ti sọ ọ́ tán, pa ẹnu dé. Ìwọ máa ń ṣàlàyé." Ó dùn mí wọ eegun. Ó ṣì ń dùn mí.

Ẹ wá jẹ́ kí n mú yín lọ sí ẹ̀yìn ìtàgé, níbi tí èrò ìwòran kì í dé. Yàrá ìdúró méjì ló wà níbẹ̀. Ọ̀kan wà lápá ọ̀tún, ó ní àga tìmùtìmù, dígí ńlá àti ẹ̀rọ amúlétutù. Àwọn ìràwọ̀ tí orúkọ wọn wà lára pósítà ló ń jókòó síbẹ̀. Ìkejì wà lẹ́yìn aṣọ ìtàgé gan-an. Àga onípákó kan, ìṣó tí wọ́n ń fi ẹ̀wù kọ́, fèrèsé kan. Ti àkọ́jáde nìyẹn. Àṣà iṣẹ́ wa ni pé àkọ́jáde gbọ́dọ̀ ti wà nínú yàrá yìí kí wọ́n tó ṣílẹ̀kùn fún èrò, kí ojú wọn má baà ti mọ́ ọn kó tó jáde. Tó bá sì ṣe tirẹ̀ tán, ibẹ̀ náà ló ń padà sí, torí bí ìràwọ̀ kan bá pẹ́, òun ni wọ́n á tún tì jáde kó wá dí àyè. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé àwọn ìràwọ̀ kì í tètè dé. Nítorí náà, kí ilé tó kún títí di ìgbà tí ilé fi ń tú ni Ẹ Rọra fi ń jókòó síbẹ̀.

Níta fèrèsé yẹn ni jẹnẹrétọ̀ gbọ̀ngàn wà. Ọ̀pá tó ń tu èéfín kọjú sí fèrèsé náà bí ẹni tó fẹ́ wọlé. Tí o bá ṣí fèrèsé, èéfín dé. Tí o bá tì í, ooru á bò ọ́, èéfín á sì gba abẹ́ ilẹ̀kùn wọlé. Ẹ má sì rò pé ibẹ̀ ni wọ́n gbé e sí láti ìbẹ̀rẹ̀ o. Iwájú ló wà tẹ́lẹ̀, nítòsí ibi ìgbọ́kọ̀sí. Àwọn tó ń jókòó ní ìlà iwájú ló sọ fún máníjà gbọ̀ngàn pé ariwo rẹ̀ ń dí àwọn létí bí àwọn bá ń sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀. Kí ọ̀sẹ̀ yẹn tó parí, wọ́n ti gbé e. Ẹ gbọ́ ọ yé o: nítorí etí ni wọ́n ṣe gbé e. Ta ló wá sọ pé kò ṣeé gbé nítorí ẹ̀dọ̀fóró? Àbí etí olówó lágbára ju àyà aláwàdà lọ ni?

Ẹ Rọra ráhùn. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe sọ fún mi pé kò ráhùn. Ṣùgbọ́n àrùn kan wà tó jẹ́ tàwa aláwàdà nìkan: a ò mọ bí wọ́n ṣe ń ráhùn lásán. Bí eyín bá ń dùn wá, a ó ti wá ibi tí ẹ̀rín wà nínú rẹ̀ kí a tó dé ọ̀dọ̀ oníṣègùn. Níbi ìpàdé ẹgbẹ́ àwa aláwàdà, nígbà tí Alága wa bèèrè bóyá ẹnì kan ní ẹ̀sùn, Ẹ Rọra dìde. Ó wúkọ́ ná. Ó wá ní:

"Ẹ̀yin ará, mo fẹ́ fẹjọ́ sùn. Wọ́n ti fẹ́ ìyàwó kejì fún mi, mi ò sì mọ̀. Máníjà ló bá mi fẹ́ ẹ. Ẹ̀yìn fèrèsé ló gbé e sí. Kì í sinmi ariwo, ó sì ń fa sìgá. Tí mo bá délé, ìyálé á gbóòórùn aṣọ mi, á ní, 'Ta lo lọ bá?' Mo ní, 'Jẹnẹrétọ̀ ni.' Ó ní, 'Ṣé ó sàn jù mí lọ ni?' Mo ní, 'Ó tì o. Àmọ́ tí orogún rẹ yìí bá bínú, gbogbo àdúgbò ló ń ṣókùnkùn.'"

Hàà! Àwọn èèyàn ṣubú lu ara wọn. Alága gbá tábìlì títí ife omi rẹ̀ fi dojú dé. Ó ní kí Ẹ Rọra tún un ṣe, ó sì tún un ṣe. Ó jókòó, ikọ́ gbé e, wọ́n tún rẹ́rìn-ín ikọ́ náà. Èmi nìkan ni mi ò rẹ́rìn-ín, kì í sì í ṣe pé mo gbọ́n jù wọ́n lọ. Ìlara ni kò jẹ́ kí ẹnu mi là. Mo ń tú ọ̀rọ̀ náà wò ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, mo ń wá ibi tó fi agbára rẹ̀ pamọ́ sí, bí mo sì ṣe ń tú u ni mo gbọ́ ohun tó ń sọ: fèrèsé, èéfín, aṣọ tó ń rùn, ìyàwó tí ẹ̀rù ń bà. Nígbà tí ìpàdé tú, mo lọ bá Alága. Mo ní, "Alága, ọkùnrin yìí ń ráhùn o. Yàrá yẹn ń pa á." Alága fi ọwọ́ lù mí léjìká, ó ní, "Ìwọ! Ìlara yìí kò ní jẹ́ kí o rójú sùn. Nǹkan tó dùn tó báyìí lo sọ di ẹ̀sùn?" Àwọn tó dúró tì wá tún rẹ́rìn-ín. Wọ́n ti mọ̀ mí sí òjòwú, kí ni wọ́n fẹ́ gbọ́ lẹ́nu mi?

Ẹ wá gbọ́ ohun tí máníjà ṣe. Ìròyìn dé etí rẹ̀ pé Ẹ Rọra ní àwàdà tuntun kan nípa jẹnẹrétọ̀ òun. Ṣé ó lọ wo jẹnẹrétọ̀ náà ni? Rárá o. Ó ní kó máa fi àwàdà náà ṣí eré. Ìlà iwájú ni òun fúnra rẹ̀ á jókòó sí, bí Ẹ Rọra bá sì ti dé "máníjà ló bá mi fẹ́ ẹ", á nàka sí àyà ara rẹ̀, á sọ fún àwọn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pé, "Ọ̀rọ̀ mi ló ń sọ o! Èmi ni máníjà ọ̀hún!" Á rẹ́rìn-ín ju gbogbo wọn lọ. Ẹ Rọra á tẹrí ba fún un, á sì padà sínú èéfín. Nítorí pé ó mọ àkọ́jáde ṣe jù, wọn ò jẹ́ kó kúrò nídìí rẹ̀ láéláé. Àwa tí a kò mọ̀ ọ́n ṣe bíi tirẹ̀ ni wọ́n ń sún síwájú.

Ìyàwó rẹ̀ ló fà á dé ilé ìwòsàn nígbà tí kò lè gun àtẹ̀gùn ilé mọ́. Dókítà bi í pé irú iṣẹ́ wo ni bàbá ń ṣe tí àyà rẹ̀ fi dà bí ààrò báyìí. Ẹ Rọra, tó ń mí hẹlẹhẹlẹ, ní, "Dókítà, ìyàwó kejì ni." Dókítà rẹ́rìn-ín. Ìyàwó ní òun di dókítà lọ́wọ́ mú, òun ní, "Ẹ má rẹ́rìn-ín, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ bá mi bi í dáadáa." Ìgbà tí wọ́n fi bi í dáadáa, ẹ̀pa kò bóró mọ́.

Lẹ́yìn ìsìnkú, ẹgbẹ́ àti gbọ̀ngàn jọ ṣe ìrọ̀lẹ́ ìrántí fún un. Wọ́n lẹ ojú rẹ̀ mọ́ pósítà. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn. Èmi tí mo ṣì wà láàyè kò tíì dé ibẹ̀, kí n má purọ́, mo tún jowú. Wọ́n fi ìyàwó rẹ̀ àti ọmọbìnrin rẹ̀ sí ìlà iwájú. Alága jáde, ó ní òun fẹ́ fi ohun tí olóògbé fẹ́ràn jù ṣẹ̀yẹ fún un, ó sì bẹ̀rẹ̀ àwàdà jẹnẹrétọ̀. Ó ṣe é láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, tikọ́tikọ́. Ibi tí Ẹ Rọra ti ń sinmi ni òun náà ti sinmi. Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín títí, àwọn kan ń yọrùn wo obìnrin náà kí wọ́n lè mọ ojú ìyálé. Lẹ́yìn ògiri, jẹnẹrétọ̀ náà ń dún lọ ní tirẹ̀.

Alága wá kéde pé ẹgbẹ́ àti máníjà ti fohùn ṣọ̀kan láti bu ọlá fún ẹbí: ipò àkọ́jáde tí bàbá fi sílẹ̀ ti di ti ọmọbìnrin rẹ̀. Àtẹ́wọ́ sọ. Ọmọ náà dìde, ó kúnlẹ̀, inú rẹ̀ dùn. Aláwàdà ni òun náà. Mo ti rí i níbi kéékèèké tó ti ń ṣe é, ó sì mọ bí wọ́n ṣe ń dákẹ́ bíi bàbá rẹ̀. Ara mi ti bẹ̀rẹ̀ sí í ta nítorí rẹ̀.

Ìyá rẹ̀ dìde. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, yàrá wo ni ọmọ mi máa jókòó sí?"

Alága ní, "Yàrá bàbá rẹ̀ ni, mà. A ti kọ orúkọ bàbá sára ilẹ̀kùn."

Àtẹ́wọ́ tún sọ. Obìnrin náà kò jókòó. Ó ní, "Jẹnẹrétọ̀ yẹn ńkọ́?"

Gbogbo gbọ̀ngàn bú sẹ́rìn-ín. Ẹ gbọ́ ohun tí mo wí. Opó bèèrè nípa ohun tó pa ọkọ rẹ̀, ilé tó kún fọ́fọ́ rẹ́rìn-ín, torí wọ́n rò pé ó ń bá àwàdà náà lọ ni. Máníjà nàka sí àyà ara rẹ̀. Alága pàtẹ́wọ́ fún un, ó ní, "Ìdílé aláwàdà!" Obìnrin náà wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó rọra jókòó.

Mo lọ sílé wọn lọ́jọ́ kejì. Ìyàwó gbé omi fún mi, ó jókòó síwájú mi. Ó ní, "Bọ̀dá, mi ò bá a ṣàwàdà o. Mo gbóòórùn èéfín lára ẹ̀wù ọkọ mi, mo bi í pé níbo ló ti ń bọ̀. Ìbéèrè ni mo bi í. Wọ́n sọ mí di obìnrin tó ń jowú jẹnẹrétọ̀."

Mo ní kó má bínú.

Ó ní, "Wọ́n ní ẹ̀yin náà ń jowú rẹ̀. Ẹ ṣeun. Èmi, ẹ̀yin ni mo ń jowú. Bó bá délé, kì í lè sọ̀rọ̀. Ẹ̀rín rẹ̀, ẹ̀yin lẹ gbà á tán níbẹ̀ yẹn. Ikọ́ ló ń gbé wá bá mi."

Ọmọbìnrin rẹ̀ jáde láti yàrá. Ó ní, "Màámi, ẹ jẹ́ kí n gba ipò yẹn ná. Bí mo bá dé orí ìtàgé, n ó sọ ọ̀rọ̀ èéfín yẹn fún wọn, ojú gbogbo ayé ló máa ṣe."

Ìyá rẹ̀ ní, "Báwo lo ṣe fẹ́ sọ ọ́?"

Ọmọ náà gbójú sókè díẹ̀, ẹ̀rín músẹ́ dé sí ẹnu rẹ̀. Ó ní, "Mo ti ń ronú bí n ó ṣe gbé e kalẹ̀. Mo fẹ́ bẹ̀rẹ̀ pé bàbá mi fi orogún ìyá mi sílẹ̀ fún mi bí ogún."

Ó dùn. Kí Ọlọ́run má bínú sí mi, ó dùn ju ti bàbá rẹ̀ lọ, ǹ bá fi gbogbo ohun tí mo ní san án kó lè jẹ́ èmi ló kọ́kọ́ wá sí lọ́kàn. Mo sì rí i kedere pé gbogbo wọn ló máa rẹ́rìn-ín. Ìyá rẹ̀ ń wò mí. Ojú rẹ̀ ń bẹ̀ mí pé kí n sọ nǹkan.

Nítorí náà ni mo ṣe ń sọ ọ́ síbí, láìfi ẹ̀rín kankan kún un. Máníjà, ta ló pàṣẹ pé kí wọ́n gbé ẹ̀rọ náà sẹ́yìn fèrèsé yẹn, ọjọ́ wo lẹ sì máa gbé e kúrò? Ẹ dá wa lóhùn ní gbangba, ní gbólóhùn kan tó mọ́gbọ́n dání. Alága, ẹ gbọ́ ẹ̀sùn náà ní etí yín lẹ́ẹ̀mejì, ẹ̀yin lẹ ní kí wọ́n tún un ṣe. Ẹ dìde níwájú ẹgbẹ́, kí ẹ sọ pé ẹ gbọ́, kí ẹ sì sọ ohun tí ẹ ṣe. Ẹ̀yin òṣìṣẹ́ ìjọba tí ẹ buwọ́ lù ú pé gbọ̀ngàn náà dára fún èèyàn láti ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀, ṣé ẹ dé ẹ̀yìn ìtàgé rárá, àbí orí àga tìmùtìmù ni wọ́n ti gbà yín lálejò? Ẹ yọ orúkọ òkú kúrò lára ilẹ̀kùn yẹn, kí ẹ ti yàrá náà pa. A kò gbọ́dọ̀ fi ibi tó pa bàbá dá ọmọ lọ́lá.

Ọjọ́ Ẹtì tó ń bọ̀ ni ọmọ náà máa kọ́kọ́ jáde, èmi ni wọ́n sì tún fi tẹ̀ lé e. Á ṣe é dáadáa. Á fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ láìdárúkọ mi, wọ́n á máa nu ojú wọn bí mo bá dé, mo sì máa kórìíra rẹ̀ tọkàntọkàn. Mo fẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀. Mo fẹ́ máa jowú rẹ̀ títí irun orí rẹ̀ yóò fi funfun. Ẹ gbé ẹ̀rọ yẹn kúrò.